Àwòrán Tó Pa Nana Pokuaa

Èmi Dufie ni mo pa ìyá tó bí ìyá mi. Mi ò fi májèlé pa á, mi ò sì fi èébú pa á. Àwòrán ni mo fi pa á, lọ́sàn-án Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì fi máa mọ́, gbogbo Bantama, àdúgbò ẹ̀ ní Kumasi, ti gbọ́ pé Nana Pokuaa ti papò dà. Òun nìkan ni kò gbọ́. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bá ewúrẹ́ ẹ̀ jà.

Èmi àti Kwadwo Okyere ti ń ṣe géèmù kan bọ̀ láti ọdún méjì. Kwadwo ló ń kọ gbogbo ohun tó ń mú un rìn nínú kọ̀ǹpútà, èmi ni mò ń ya àwòrán. Orúkọ géèmù náà ni Nana Pokuaa àti Lọ́yà. Ìyá ìyá mi gan-an ni Nana Pokuaa, Lọ́yà sì ni ewúrẹ́ ẹ̀, tí a sọ ní Lọ́yà torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá sí. Nínú géèmù, Lọ́yà gbé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì Nana sá lọ láàárọ̀ ọjọ́ ìsìn. Ẹni tó bá ń ṣeré náà ló máa di Nana: á sáré, á fo ògiri, á gun òrùlé, á gba àárín àwọn tó ń ta ẹ̀kọ kẹ́ńkẹ́ kọjá, títí á fi gba gèlè ẹ̀ padà, bó bá lè gbà á.

Orí ayélujára la fẹ́ ti tà á, nínú ìsọ̀ ńlá kan tí gbogbo ayé ń nájà níbẹ̀. Ojú ìsọ̀ yẹn ò yàtọ̀ sí ọjà Kejetia: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọjà ló tò sílẹ̀ lọ rẹrẹẹrẹ, àwòrán kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò méjì lọ sì ni oníkálukú ní tó máa fi pe oníbàárà. Oníbàárà tí àwòrán ẹ ò bá pè, ó ti kọjá lọ nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún géèmù tí kò tíì jáde. Ẹni tí géèmù ẹ bá wù, á tẹ àmì ọkàn tó wà lábẹ́ ẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n pe òun lọ́jọ́ tó bá jáde.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Wofa Ansere fi dájọ́ fún Kwadwo. Wofa ni ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀. Ó ní ìsọ̀ ẹ̀yà mọ́tò ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, Kwadwo ló sì máa jogún ìsọ̀ náà.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkàn," Wofa sọ, ó na ìka ọwọ́ ẹ̀ márààrún sí i lójú. "Tí ò bá pé kí wọ́n tó pa ìlẹ̀kùn lọ́sàn-án Ọjọ́ Ẹtì, o máa pa kọ̀ǹpútà yẹn dé, o máa wá jókòó sí ìsọ̀. Ọdún méjì! Ta ló fẹ́ ra ewúrẹ́ tí ò ṣeé sè?"

"Mo gbà, Wofa," ni Kwadwo wí.

Ó gbà tán, kò ní ibi tó máa sá sí mọ́. Mo mọ Kwadwo. Tí wọ́n bá mú un jókòó sáàárín gíà àti bíréèkì, kò ní ráhùn, á ta ọjà, á kí oníbàárà, á sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọn ò bomi rin. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí ju bí mo ṣe ń fi hàn án lọ. Àwòrán àtàǹpàkò méjì yẹn ló máa gbà á sílẹ̀, ọwọ́ mi ló sì wà.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ náà ṣe.

Ibi tí mo ti ń jẹun lójoojúmọ́ ni ilé ìtẹ̀wé kan ní Asafo, pátákó ìsìnkú sì ni mò ń yà níbẹ̀. Tí ẹ bá rí òkú kan tó dán gbinrin lára ògiri ní Kumasi, tí ẹ̀rín ẹ̀ mọ níwọ̀n, tí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀ ń kọ mọ̀nà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ ọwọ́ mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Mo mọ bí ojú òkú ṣe ń tóbi tó, mo mọ ibi tí pupa ti ń pàdé dúdú. Mo gbọ́n tán, mo mọ̀ tán, òun ni kì í jẹ́ kí agbọ́n lóró bí oyin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ya ojú Nana. Mo ya gbogbo ìlà tó wà níwájú orí ẹ̀, mo ya gbogbo ohun tí ojú ẹ̀ ti rí láti ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Mo gbé e jókòó lórí àga, mo da aṣọ dúdú sí èjìká ẹ̀ kí ojú náà lè yọ, mo fi pupa kun ẹ̀yìn àwòrán náà. Mo kọ NANA POKUAA gàdàgbà sókè. "Àti Lọ́yà" wà lábẹ́ ẹ̀, bíńtín. Lọ́yà fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀ rárá, torí kò bá ẹwà àwòrán náà mu. Mo gbé e fún Kwadwo, omi lé ròrò lójú ẹ̀.

"Dufie, èyí ga o," ó wí.

Àwa méjèèjì la ya òmùgọ̀ pa pọ̀.

Wọ́n ṣí ọ̀sẹ̀ náà ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkàn mọ́kànlélọ́gọ́ta péré la rí. Wofa, tó ti gba ojú ìwé náà sórí fóònù ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ fún òun, ń pè ní wákàtí-wákàtí láti ka iye ẹ̀ sí Kwadwo létí. Mo ní kí n wá ìrànlọ́wọ́ ará ilé. Mo mú àwòrán náà, mo kọ ọjọ́ tí géèmù máa jáde sábẹ́ ẹ̀, Ọjọ́ Àbámẹ́ta nítorí pé ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń ráyè ṣeré, mo kọ orúkọ èmi àti Kwadwo sí ìsàlẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí mo mọ̀ lórí Wasáàpù, mo sì sùn sí yàrá iṣẹ́ wa.

Ojú obìnrin arúgbó, aṣọ dúdú, ẹ̀yìn pupa, orúkọ gàdàgbà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n máa ń sìnkú, orúkọ àwọn ọmọ nísàlẹ̀. Ní Kumasi! Ọmọ ọdún méje gan-an mọ ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, fóònù mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ẹ kú ọ̀fọ̀, Dufie. Ìyá rere lọ. Ta ló máa se oúnjẹ? Àwọ̀ wo la fẹ́ wọ̀, ṣé pupa ni àbí dúdú? Ọ̀gá mi ní ilé ìtẹ̀wé ní òun á bá mi dín owó kù, ó kàn dun òun pé mi ò kọ́kọ́ sọ fún òun ni. Kó tó di pé mo dá ẹnì kan lóhùn, takisí ti dúró níwájú yàrá iṣẹ́ wa ní Ayigya, Nana Pokuaa ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀ láti òkè délẹ̀, kí ayé lè rí i pé ara òun dá ṣáṣá.

Kwadwo sá sẹ́yìn tábìlì.

"Má wulẹ̀ sá," Nana wí. "Òkú kì í lé èèyàn lójú mọmọ. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ olókùú."

"Nana, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ṣàlàyé fún Maame Akyaa, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì! Ó ti sunkún láti Bantama Market títí dé ẹnu ọ̀nà mi. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó ní 'Pokuaa, ṣé o gbàgbé nǹkan ni?' Ó wá dákú. Omi kòkò mi ni mo fi jí i. Ó jí tán, ó ní kí n má bínú, òun ti pín bàtà mi fún ẹgbẹ́ akọrin."

Mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín lé mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu, kò bò ó. Nana náà wò mí títí, èjìká ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi yẹ̀. Ìgbà tó nu ojú ẹ̀ tán ni ohùn ẹ̀ yí padà.

"Gbé àwòrán yẹn wá. Kí ni mò ń ṣe níbí?"

"Ẹ jókòó ni, Nana."

"Nínú géèmù yín, ṣé mo máa ń jókòó?"

"Rárá. Ẹ máa ń sáré."

"Ewúrẹ́ mi dà?"

Mo fi ìka tọ́ka sí "Àti Lọ́yà" bíńtín tó wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀.

"O gbé mi jókòó bí ẹni tó ti parí iṣẹ́ ayé ẹ̀, o lé ewúrẹ́ jáde, o wá ń retí kí àwọn èèyàn dá sí ọ̀rọ̀ mi. Ọmọ yìí! Ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì, tó bá rí arúgbó tó jókòó, á kí i, á kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá rí arúgbó tó ń sáré, ǹjẹ́ kò ní dúró béèrè pé kí ló dé?"

Mo ti kàwé àwòrán ní yunifásítì ọdún mẹ́rin, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ yé mi báyìí. Ojú tì mí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i kedere pé òkú yíyà ló ti mọ́ ọwọ́ mi lára, pé mo ti ya Nana bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti tán, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í tán láéláé.

"Nana, ẹ jẹ́ kí n yà yín níbi tí ẹ ti ń sáré."

"Kò sí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ẹ ti pe ọkàn mi dé ilé òkú, ẹ kọ́kọ́ lọ pè é padà wálé."

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la dé Bantama pẹ̀lú iṣu àti ẹyin, oúnjẹ tí wọ́n fi ń pe ọkàn padà wálé. Èmi ni mo gún un pọ̀ mọ́ epo pupa, mo fi odidi ẹyin méje sórí ẹ̀, Nana wọ funfun, ó jẹ ẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó sì fi ẹyin kan tọrẹ fún Kwadwo torí ó ní ojú ẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Suame. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tú gèlè orí ẹ̀, ó jù ú síwájú Lọ́yà.

Mi ò mọ̀ pé ewúrẹ́ máa ń mọ̀ tí wọ́n bá ń ya òun. Lọ́yà gbé gèlè náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, ó bẹ́ lu ẹ̀yìnkùlé. Nana ká aṣọ ẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé e. Wọ́n yí kànga po, wọ́n gba abẹ́ aṣọ sísá kọjá, adìyẹ ń fò, Kwadwo ń pariwo "Nana, ẹ rọra o!", èmi ń yà, mò ń yà, ìwé ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá ògiri, Nana na ọwọ́ sí ìrù Lọ́yà, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ̀, bàtà ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ sì fò lọ sókè réré. Ojú ẹ̀ ní àkókò yẹn! Ìbínú wà níbẹ̀, ayọ̀ wà níbẹ̀, ó dà bí ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n mímọ̀ yàtọ̀ sí ṣíṣe. Mo ya bàtà, mo ya Nana, mo ya Lọ́yà, Kwadwo wá dúró lé mi lórí.

"Fi òrùlé sí i. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ lórí àwọn òrùlé yẹn."

Mo fi òrùlé sí i.

"Àwọn tó ń ta kẹ́ńkẹ́ ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ọlọ́pàá tó máa ń fọn fèrè yẹn, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an o."

"Èèyàn wo? Ìwọ nìkan lo tíì ṣeré ẹ̀."

"Èmi náà kì í ṣe èèyàn ni?"

Mo fi gbogbo ẹ̀ sí i. Mo dín in kù títí ó fi di àtàǹpàkò méjì lórí fóònù, mo gbé e fún Nana. Nana bọ́ awò ojú ẹ̀. Láìsí awò yẹn, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín àlùfáà àti òpó iná, èmi sì ti pinnu pé ohun tó bá rí nìkan ni àwọn tó ń kọjá lọ lójú ìsọ̀ máa rí, torí pé àwọn náà kì í dúró wò.

"Kí lẹ rí, Nana?"

Ó na fóònù síwájú. "Ọbẹ̀ ilá."

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó dáadáa. Ilá ni, ẹja wà nínú ẹ̀."

Kwadwo fẹ́ sunkún nígbà tí mo ń pa àwọn òrùlé ẹ̀ rẹ́.

"Kwadwo," Nana wí fún un, "gbogbo àga tó wà nílé mi ló dára, ṣé mo kó wọn síta ẹnu ọ̀nà? Ẹni tó bá wọlé lá jókòó sí wọn."

Mo pa ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́, mo pa ọlọ́pàá rẹ́. Mo tún gbé e fún Nana.

"Mo rí ẹnì kan. Ó ń lé àpò sìmẹ́ǹtì."

Ògiri funfun ni mo gbé Lọ́yà sí iwájú ẹ̀, funfun sì ni Lọ́yà. Mo kun ẹ̀yìn wọn ní yẹ́lò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, mo sọ Nana di aláṣọ búlúù, mo jẹ́ kí gèlè pupa máa fì lẹ́nu ewúrẹ́. Mo sún wọn mọ́ra. Mo fi àlàfo tó tó ìbú ìka kan sáàárín ọwọ́ Nana àti ìrù Lọ́yà, mi ò jẹ́ kó kàn án, mi ò sì jẹ́ kó jìnnà. Mo kọ orúkọ géèmù ní lẹ́tà tó sanra, tó dúró bí ẹni pé òun náà ń sáré. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kí ó tó tẹ́ mi lọ́rùn. Nana bọ́ awò, ó na ọwọ́.

"Mo rí obìnrin kan tí kò nítìjú, ó ń lé ewúrẹ́, bàtà ẹ̀ ti fò." Ó fa fóònù náà mọ́ ojú. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Nana."

"Hẹn-ẹn. Mo mọ̀ pé mi ò kú."

Bí a ṣe pààrọ̀ àwòrán náà lójú ìsọ̀ ni ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ̀rún kan. Ní ọ̀sán, méjì. Kwadwo ò jókòó mọ́, ó ń rìn yí yàrá po. Àwọn èèyàn tí a ò mọ̀ rí, láti Brazil, láti Poland, ń béèrè ìbéèrè kan náà lábẹ́ àwòrán náà: ṣé ó máa bá a? Wofa nìkan ni ò pè. Láti ìgbà tí a ti pààrọ̀ àwòrán, fóònù ẹ̀ ò dún sí wa, ìyẹn sì ń bà wá lẹ́rù ju kíkà tó ń kà fún wa lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n pa ìlẹ̀kùn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọ̀ọ́dúnrún. Ó ku ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin.

Ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ojú òkú ṣòfò ló pa wá, àwa méjèèjì la mọ̀ ọ́n, Kwadwo ò sì sọ ọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó wọ ṣòkòtò tó ti gbó, ó ní, "Mo ti fẹnu ara mi sọ ọ́." Mo ní mi ò ní jẹ́ kó dá lọ. Nínú bọ́ọ̀sì trotro, ó ń wo ojú fèrèsé, mò ń wo ẹsẹ̀ mi. Inú mi bà jẹ́ débi pé mi ò lè bẹ̀ ẹ́.

A gba àárín àwọn ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú ká ní Suame kọjá. Láti òkèèrè la ti ń gbọ́ ariwo nínú ìsọ̀ Wofa. Mo rò pé ìjà ni. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, Wofa ló jókòó, awò wà ní ṣóńṣó imú ẹ̀, ó gbé fóònù ẹ̀ ti gíà kan. Mẹkáníìkì méjì àti awakọ̀ kan tó wá ra bíréèkì bò ó mọ́lẹ̀.

"Kò lè bá a láé! Wo ẹsẹ̀ ewúrẹ́ yẹn."

"Ọwọ́ ẹ̀ ti dé ìrù ẹ̀, ìwọ náà, la ojú ẹ!"

"Bàtà kan ló kù lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Arúgbó tó wọ bàtà kan, níbo ló ń lọ?"

"Ṣé ìyá tìẹ náà máa ń fi gèlè ẹ̀ sílẹ̀ fún ewúrẹ́ ni?"

Wofa gbójú sókè, ó rí wa. Kò kí wa. "Kwadwo, ibo lo wà látàárọ̀? Arúgbó yìí, ṣé ó bá ewúrẹ́ ẹ̀ àbí kò bá a?"

Kwadwo lanu láti dáhùn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ dáadáa.

"Wofa," mo wí, "ẹni tó bá ṣeré ẹ̀ ló máa mọ̀."

Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó já oúnjẹ gbà lẹ́nu wọn. Wofa bọ́ awò ojú ẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni mo sọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Wofa," Kwadwo wí. "Ó ku ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Mo ti dé."

"Mo ti rí i pé o ti dé, mi ò fọ́jú." Wofa wo àwọn páálí tó tò dé òkè àjà lẹ́yìn ẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. "Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti wà níbí, kò sí ẹni tó dúró wo páálí ọjà mi rí. Kí wọ́n sọ pé ó wọ́n ni, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n lọ. Láti àná, mi ò ta nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bá mi jiyàn lórí ewúrẹ́." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ tó wà lórí tábìlì, ó fi sápò ara ẹ̀. "Lọ sílé. Lọ parí ẹ̀. Tó bá fi kọjá Sátidé tí ẹ dá yẹn, èmi fúnra mi ni màá wá wọ́ ẹ jáde."

Kwadwo dọ̀bálẹ̀ sínú epo ẹ́ńjìnnì láìwo ilẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Mẹkáníìkì kan ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọkàn náà, ìkejì ń fi hàn án, awakọ̀ ń sọ pé bíréèkì òun ńkọ́, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Bí a ṣe ń jáde ni Wofa fọwọ́ tọ́ mi ní èjìká, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Dufie, ọmọ dáadáa. Sọ fún mi. Ṣé ó bá a?"

Mo ní èmi náà ò mọ̀. Irọ́ gidi ni mo pa fún àgbàlagbà lójú ọ̀sán gangan, inú mi sì dùn títí mo fi délé.